Kọ̀ǹpútà Tí Kì Í Mí

Ọdún méjì ni mo fi ka kọ̀ǹpútà ní poly kí n tó sá kúrò, ohun tí mo sì mọ̀ ò ju bí wọ́n ṣe ń tàn án lọ. Síbẹ̀, èmi ni màmá mi mú dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Addo. Wọ́n fẹ́ ra kékeré kan tí kò wọ́n, tí wọ́n á máa fi tẹ ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo fọwọ́ sọ̀yà, mo mú èyí tó tóbi jù, mo tàn án, fáànù rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. "Màámi, iná ni èyí o!"

Wọ́n gbé etí lé e, wọ́n dijú. "Ó ń mí ju bàbá ẹ lọ. Gbé e padà, ọ̀gá engineer."

Mo gbé e padà. Bíríkìlà ni bàbá mi ní Lekki títí eruku sìmẹ́ǹtì fi ba àyà wọn jẹ́. Tí bàbá bá ń sùn lọ́sàn-án, màmá mi á jókòó sí pálọ̀, wọ́n á máa tẹ́tí sí èémí ọkọ wọn. Ilé kan náà là ń gbé, mi ò fura rí.

Èyí tí kò ní fáànù rárá la rà. Ìka kan ni màmá mi fi ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á tẹ̀ díẹ̀, wọ́n á dúró gbọ́ èémí bàbá, wọ́n á tún tẹ̀. Èmi tí mo máa ń ti ilẹ̀kùn gbàgà, orí ìka ẹsẹ̀ ni mo fi ń wọlé báyìí, bí olè.