Jíìpù Onílẹ̀kùn Méjì

Èmi ni mo yan jíìpù náà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé àwọn ará ilé mi ṣì máa ń fi ọ̀wọ̀ sọ pé "àwa la jọ yàn án." Kì í ṣe àwa. Èmi ni, pẹ̀lú ìwé máàkì àti bírò pupa.

Nígbà òtútù tó ṣáájú, mo ṣubú ní Woolwich nílùú òyìnbó níbí, nítòsí ọjà, níbi tí òjò ti sọ ilẹ̀ di yíyọ̀. Egungun kankan kò ṣẹ́. Ọkùnrin kan tó ń ta èso gbé mi dìde, ó fi mí jókòó sórí àpótí rẹ̀, nígbà tó sì yá, mo wọ bọ́ọ̀sì padà sí Thamesmead fúnra mi. Ṣùgbọ́n ọmọ mi obìnrin rí ṣòkòtò mi tó ya lórúnkún. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́, ojoojúmọ́ ló sì ń rí ohun tí ìṣubú ń fojú àgbàlagbà rí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó mú kọ́kọ́rọ́ mi kúrò lórí ìṣó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

"Dádì, ẹ má bínú. Tí ẹ bá ti fẹ́ jáde, ẹ sọ fún mi, ẹnì kan á tẹ̀ lé yín."

"Ta ni ẹnì kan náà?"

Ó ju kọ́kọ́rọ́ náà sínú àpò rẹ̀. Àwa méjèèjì mọ̀ pé kò sí ẹnì kankan. Òun wà níbi iṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ wà ní Crossness, níbi tó ti ń tún àwọn ẹ̀rọ tó ń fa omi ìdọ̀tí ṣe. Ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún méjìlá, wà nílé ìwé. Mo lè ṣílẹ̀kùn jáde o, kò sẹ́ni tó dè mí mọ́lẹ̀. Wíwọlé padà ni n kò ní lè ṣe.

Àjà kẹrin là ń gbé, lífítì ilé náà sì máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tó bá wù ú. Láti ojú fèrèsé, mo máa ń wo adágún omi àti pápá koríko tó wà létí rẹ̀, níbi tí ẹnì kan máa ń so ẹṣin funfun kan mọ́. Ẹṣin náà á jẹ koríko yíká títí okùn á fi dá a dúró. Mo mọ àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó máa ń dúró de èrò, mo sì mọ àwọn tí kì í dúró. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi lu agogo ilé ìwé kí àwọn ọmọ lè jáde lọ ṣeré. Ní ìgbà òtútù yẹn, mo máa ń wo aago ògiri nígbà tó bá di aago mẹ́wàá ààbọ̀, mo sì máa ń jókòó síbi tí mo wà.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún ọmọ mi. Láti ọjọ́ tí mo ti ṣubú ni orúnkún mi ọ̀tún ti máa ń há. Tí mo bá ká a fún ìgbà díẹ̀, á le gan-an, àfi kí n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e nà. Mo rò pé bó bá mọ̀ pẹ́nrẹ́n, kọ́kọ́rọ́ náà kò ní padà sórí ìṣó mọ́ láé. Nítorí náà, tí mo bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń tètè dìde dúró, kó lè bá mi lórí ìdúró.

Nígbà tí òtútù fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, àna mi mú ọ̀rọ̀ kan wálé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ ní jíìpù àlòkù, wọ́n sì máa ń kó ìdílé wọn lọ sí ọ̀nà oko ní Kent, inú ẹrẹ̀, orí òkè, ibi tí mọ́tò lásán kò lè dé.

"Àwa náà á ra ọ̀kan, Dádì. Èyí tó ti dàgbà díẹ̀ ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ ṣì le. Gbogbo wa la máa jọ máa lọ. Ẹ̀yin náà."

Ẹ̀yin náà. Ọ̀rọ̀ méjì yẹn ni mo gbé sọ́kàn fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Ó ní èmi ni kí n jẹ́ alábòójútó àyẹ̀wò, nítorí pé èmi ni mo mọ̀ nípa jíìpù jù nínú wa. Òótọ́ ni, àmọ́ ó yẹ kí n tún un sọ dáadáa. Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé ní abúlé kan lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́, jíìpù ìjọba ló máa ń gbé èmi àti ìwé ìdánwò la odò kọjá nígbà òjò. Awakọ̀ ló mọ jíìpù. Èmi mọ ìjókòó ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, níbi tí gbogbo ọ̀gá nílẹ̀ wa máa ń jókòó sí.

Mo fa ìlà sí ìwé. Irin abẹ́ mọ́tò gba máàkì tó pọ̀ jù, nítorí pé ibẹ̀ ni ìpáàrà ti máa ń jẹ jíìpù àgbà run láìsí ẹni tó rí i. Ẹ́ńjìnnì tẹ̀ lé e, àti ọ̀pá jíà kékeré tó ń mú kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ fà. Lẹ́yìn náà táyà, bíréèkì, àti ìwé tó sọ bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọgọ́rùn-ún. Ọmọ ọmọ mi yọjú láti ẹ̀yìn èjìká mi.

"Gránpà, o ò fi àwọ̀ sí i."

"Ẹ ò fi."

"Ẹ ò fi àwọ̀ sí i."

"Àwọ̀ kò ní fà wá jáde nínú ẹrẹ̀."

"Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ mi máa rí i!"

Mo fún àwọ̀ ní máàkì méjì.

Abbey Wood la ti rí àkọ́kọ́. Jíìpù gígùn ni, onílẹ̀kùn mẹ́rin. Àna mi tẹ́ páálí sílẹ̀, ó wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti hámà kékeré, ó ń kan irin, èmi sì ń tẹ́tí. Irin tó dára máa ń dún gooro. Nígbà tó dé ìtòsí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ìró náà di gbì, nǹkan pupa sì ń já bọ́ sójú rẹ̀. Mo kọ máàkì kékeré sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó fẹ̀ dáadáa, mo jókòó, mo na ẹsẹ̀ mi. Ó tù mí lára gan-an. Ṣùgbọ́n ìtura kò sí nínú ìwé máàkì mi, n kò sì lè fún ohun tí n kò bi léèrè ní máàkì. Mẹ́rìnléláàádọ́rin ló gbà.

Ìkejì wà ní Thamesmead East, lọ́wọ́ bàbá àgbàlagbà kan tó ń gbé e sí gáréèjì. Jíìpù kúkúrú ni. Abẹ́ rẹ̀ mọ́, ìwé ìtọ́jú rẹ̀ pé, èdìdì sì wà lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Ó jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Inú mi dùn bí ìgbà tí mo bá rí ìwé akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ ìdáhùn rẹ̀ létòlétò. Àna mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn fún ìgbà pípẹ́.

"Dádì, ilẹ̀kùn méjì péré ló ní o."

"Mo rí i."

"Ẹ̀yìn ńkọ́? Báwo lẹ ṣe máa wọlé?"

"Àga iwájú yẹn ń ká."

"Ẹ ò ṣe kúkú gbìyànjú ẹ̀ wò."

Ọmọ mi dúró sí ìtòsí, ó kó ọwọ́ sínú àpò kóòtù, ó ń wò wá. Bí mo bá gbìyànjú rẹ̀, ojú rẹ̀ ni orúnkún mi yóò ti há.

"Kò nílò ìgbìyànjú," ni mo wí. Mo kọ mẹ́tàlélọ́gọ́rin.

"Dádì, ṣé a ò lè fi máàkì àánú díẹ̀ kún ti Abbey Wood?"

"N kò fi máàkì tọrẹ rí láyé mi."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo ti mọ̀ lónìí pé ó ti fura sí orúnkún mi. Ṣùgbọ́n bàbá ìyàwó rẹ̀ ni mí, kò sì fẹ́ bá mi jiyàn lójú ẹni tó fẹ́ ta mọ́tò.

Jíìpù kúkúrú náà la rà. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ fẹ́ gbé e lọ sí Kent, ọmọ mi ní, "Dádì, ẹ wá jókòó síwájú."

"Iwájú ni ti awakọ̀ àti ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ni tèmi."

Mo ní kí wọ́n lọ wo bóyá wọ́n ti pa iná gáàsì. Nígbà tí wọ́n fi máa padà, mo ti wọlé, mo ti ń làágùn. Ohun kan wà tí mo gbàgbé: apá ọ̀tún ni awakọ̀ ń jókòó sí nílùú òyìnbó, àga apá òsì nìkan ló sì ń ká nínú jíìpù wa. Ìyẹn ni pé apá òsì ni mo gbà wọlé, tí mo fi ìdí wọ́ kọjá lọ sí igun tó jìnnà sí ilẹ̀kùn jù lọ. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ mi kì í ṣí. Ibi iyì tí mo yàn fúnra mi kò ní ọ̀nà àbájáde.

Oko tí a lọ jẹ́ ibi tí wọ́n dìídì fi sílẹ̀ fún irú eré bẹ́ẹ̀. Fún wákàtí kan, jíìpù náà ṣe gbogbo ohun tí mo fún un ní máàkì fún. Ó gun òkè, ó la omi kọjá, ọmọ náà ń pariwo ayọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Lẹ́yìn náà ló rì sínú kòtò ẹrẹ̀ kan, ó sì dẹ̀gbẹ́ sí apá ọ̀dọ̀ mi. Àna mi gba ojú fèrèsé jáde, ọmọ mi bọ́ sílẹ̀ lápá òsì, ọmọ rẹ̀ fò tẹ̀ lé e.

"Dádì, ẹ jáde, kó lè fúyẹ́."

Mo fẹ́ na ẹsẹ̀ mi. Kò nà.

"Ẹ jẹ́ kí n jókòó. N kò wúwo."

"Dádì, ó ń rì o!"

"Mo ní n kò wúwo!"

Wọ́n wo ara wọn. Àwọn méjèèjì lọ wá ẹni tó ní katakata, wọ́n ní kí ọmọ náà dúró tì mí. Èémí mi bo gíláàsì. Mo fi ọwọ́ nù ún. Ẹrẹ̀ ló kún ojú rẹ̀ níta. Orúnkún mi wà láàárín àyà mi àti ẹ̀yìn àga awakọ̀, kò ṣe é gbé sókè, kò ṣe é gbé sọ́tùn-ún. Mo wo ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ ní òdìkejì. Kò jìnnà ju tábìlì ìkọ̀wé lọ. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọmọ náà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn nínú bàtà òjò rẹ̀, ó ń wò mí.

"Gránpà, ṣé ẹ ti há ni?"

"Jíìpù ló há."

"Mo mọ̀ pé jíìpù há. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Mo ti bi ọmọdé ní ìbéèrè láìmọye ìgbà, mo sì mọ ohun tó túmọ̀ sí tí ọmọ bá bojú wolẹ̀ dípò kó dáhùn. Mo gbé ojú mi sókè.

"Mo há. Orúnkún mi ni. Jọ̀wọ́, má sọ fún màmá ẹ."

Ó yíjú pa dà, ó sì figbe ta la oko náà já: "Mọ́mì! Orúnkún Gránpà ti há o!"

Katakata fa jíìpù jáde pẹ̀lú èmi nínú rẹ̀, bí àpò ìrẹsì. Ọmọ mi wọlé wá bá mi lẹ́yìn pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára. Ó fi ọwọ́ kan sábẹ́ itan mi, ìkejì sí gìgísẹ̀ mi, bó ṣe ń ṣe fún àwọn tí kì í ṣe bàbá rẹ̀ níbi iṣẹ́, ó sì nà án díẹ̀díẹ̀.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti Woolwich."

"Dádì! Oṣù márùn-ún!"

"Kọ́kọ́rọ́ ni mo ń rò."

Ó wo orúnkún náà. Ó ṣì di ẹsẹ̀ mi mú.

"Ìdí nìyẹn tí ẹ fi fún ilẹ̀kùn ní òdo?"

"N kò fún un ní òdo. N kò bi í ní ìbéèrè ni."

Láti ìta ni àna mi ti dá sí i: "Mo bẹ̀bẹ̀ máàkì àánú o!"

A kò ta jíìpù náà. Abẹ́ rẹ̀ mọ́ lóòótọ́, n kò sì kábàámọ̀ máàkì ibẹ̀. Dókítà fún mi ní eré ìdárayá tí mo ń ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀, mo ń di ògiri mú, mo ń lọ, mo ń bọ̀. Kọ́kọ́rọ́ ilé ṣì wà nínú àpò ọmọ mi. "A ó wò ó, Dádì," ló máa ń wí, bí èmi náà ṣe máa ń sọ fún àwọn òbí tó bá wá bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ mi.

Ní Sátidé tí a tún ń lọ sí Kent, ọmọ mi ló bọ́ sẹ́yìn lápá ọ̀tún. "Èmi lọ̀gá báyìí," ló wí, "kí awakọ̀ máa rọra." Èmi jókòó síwájú. Bí àna mi ṣe ń di ẹrù sẹ́yìn, mo ṣí ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ mi, mo tì í, mo tún ṣí i.

"Dádì, ṣé kò tì dáadáa ni?"

"Ó tì dáadáa," ni mo wí, mo sì tún ṣí i.