Arọra Lórí Pẹpẹ Kẹfà

Òtítọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí mo bá purọ́, kí eyín méjì tó ṣẹ́kù lẹ́nu mi bá omi tí mo fi ń fọ ẹnu lọ.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin, tí gbogbo ilé ìkẹ́rùsí ń pè ní Arọra, ló ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣa ọjà. Èmi ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà níbẹ̀. Ẹ̀rọ náà kì í gbé ọjà wá bá ènìyàn, ènìyàn ló ń gbé lọ bá ọjà. Ojú rẹ̀ á kọ ọ́ pé: ọ̀nà kẹrin, pẹpẹ kẹfà, páálí mẹ́ta. Arọra á kọ́ bẹ́líìtì ìdí rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, á tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ á sì gbé e gòkè. Bó bá gbẹ́sẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ẹ̀rọ á dúró gbagidi.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Bàbá Oníbátìrì, tó ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ, kìlọ̀ fún un pé bátìrì rẹ̀ ti ń kú lọ, kó pààrọ̀ rẹ̀. Arọra ní kí wọ́n lọ máa tọ́jú ewú orí wọn. Ọ̀rọ̀ náà dun bàbá dé egungun, ó ní òun ò tún bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Lọ́sàn-án, ọkọ̀ ilé ìwòsàn dé, omi tí wọ́n ń fà sára aláìsàn ló wá kó. Arọra gòkè lọ sí pẹpẹ kẹfà láti mú páálí mẹ́ta. Ó ti mú páálí méjì, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ síbi ẹ̀kẹta, ni ẹ̀rọ bá dákẹ́ wẹ́lo. Ó tẹ̀ ẹ́ títí, kò mira. Ilẹ̀ jìn sí i bí ìsàlẹ̀ kànga.

Ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí dé, ó ń wo aago. Ó ní kó tú bẹ́líìtì, kó gba ara irin pẹpẹ sọ̀ kalẹ̀. Arọra ní ẹ̀rù ń ba òun. Ọ̀gá ní ẹni tẹ́rù bá ń bà kó má wá síṣẹ́ lọ́la. Ọmọ méjì ló ń jẹ lọ́wọ́ Arọra. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó lọ sẹ́yìn, síbi ìkọ́.

Mo sáré bí ẹṣin lọ bá Bàbá Oníbátìrì. Ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń nu bátìrì.

Mo ní, “Bó bá já bọ́, ta lẹ máa wá bá yan odì?”

Ó sọ àkísà nù.

Nígbà tá a dé ibẹ̀, ìkọ́ ti tú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà lórí irin.

“Pa dà sínú ẹ̀rọ,” ni bàbá wí, kò tilẹ̀ pariwo. “Kọ́ bẹ́líìtì yẹn.”

Ọ̀gá bi í pé ta ló fún un láṣẹ. Bàbá kúnlẹ̀ sídìí ẹ̀rọ. Lókè, ẹsẹ̀ Arọra yọ̀. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló fi so rọ̀. Ó gbá ọ̀kan nínú páálí méjì tó ti mú, ó bọ́ sílẹ̀, ó fọ́ yángá. Ó fa ara rẹ̀ pa dà díẹ̀díẹ̀, a sì gbọ́ tí ìkọ́ dún, kọ́.

Nǹkan kan bí ẹnu ẹ̀rọ omi wà nídìí ẹ̀rọ náà. Bí a bá fọwọ́ yí i, òróró tó gbé e gòkè á pa dà sílé, ẹ̀rọ á sì máa bọ̀ nílẹ̀ láìlo bátìrì. Bàbá yí i bí ẹni tó ń tú aṣọ ọmọ tó ń sùn. Arọra balẹ̀.

“Mo sọ, àbí n ò sọ?”

“Ẹ sọ, Bàbá. Ẹ má bínú.” Ó wá kọjú sí ọ̀gá. “Ọ̀gá, ó ku páálí méjì. Irin ló wà níbẹ̀ yẹn, ẹ máa gùn ún.”

Ọ̀gá wo òkè, ó wo bàtà rẹ̀ tó ń dán, ó ní kí wọ́n lọ pààrọ̀ bátìrì.

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, àfi eré tí mo ní mo sá. Orúnkún mi ò gbà. Ọ̀pá ni mo tẹ̀ dé ibẹ̀.