Àpótí Ìyá Àgbà Dé Káńsù

Ìyá àgbà mi gbé àpótí tí wọ́n fi ń jókòó dáná lọ sí ọ́fíìsì káńsù láàárọ̀ yìí.

Ọdún kẹta rèé tí wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀ fún nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn àdúgbò wa.

Akọ̀wé ní, "Màmá, ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Wọ́n gbé àpótí kalẹ̀, wọ́n jókòó. "Ibí ni màá ti dúró de ọ̀sẹ̀ náà, ọmọ mi."

Kó tó di ọ̀sán, ọ̀gá ti fọwọ́ sí ìwé nọ́ọ̀sì.

Ojú tì mí. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo feèlì ìdánwò àtiwọ ilé-ìwé nọ́ọ̀sì, mo sì ti jáwọ́.

Lórí ọ̀kadà tó gbé wa padà sí Lanlate, mo ní kí wọ́n yá mi ní àpótí wọn.

"Máa gbé e. Ṣùgbọ́n ó máa ń dun ni nídìí o."

Ọjọ́ Ajé ni mò ń lọ gba fọ́ọ̀mù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀, kí lẹ tún fẹ́ wí?