Omi Híhó Lórí Ìyẹ̀fun Ọ̀gá Mi

Mo ń dirun fún ọmọ mi lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ládùúgbò Kotobabi ní ọ̀sán Sátidé kan, mo ti di apá kan tán, nígbà tí ẹnì kejì mi níbi iṣẹ́ pè mí. Ó ní ohun mímu tí a pò lánàá ti pínyà nínú ìgò, òróró lókè, omi nísàlẹ̀. Ọ̀gá wa ní ayédèrú ìyẹ̀fun ni wọ́n tà fún òun, òun ò sì ní ṣe ohun mímu náà mọ́.

Ọwọ́ mi dúró nínú irun.

Ata ilẹ̀ pupa la fi ń ṣe ohun mímu náà. Ohun tó ń ṣara lóore nínú rẹ̀ kì í yòrò nínú omi, àfi nínú òróró. Ìyẹ̀fun yẹn, sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ni, tí wọ́n ti tún ṣe nílé iṣẹ́ kó lè di òróró mú sínú omi. Omi tútù ni wọ́n ní ká máa bù sí i díẹ̀díẹ̀. Lánàá, èmi ń kánjú àtilọ mú ọmọ nílé ìwé, mo bá da omi híhó lé e bí ẹni ń ro ẹ̀kọ. Ó di kókó. Mo sẹ́ ẹ, mo da kókó rẹ̀ nù. Àṣé ìyẹ̀fun gan-an ni mo dà nù.

Mo sọ ọ́ fún ẹnì kejì mi lórí fóònù, ó ní kí n panu mọ́, kò sẹ́ni tó rí mi. Mo di irun méjì sí i. Iṣẹ́ yẹn wù mí. Ọ̀gá yìí ló gbà mí tọmọtọmọ, nígbà tí mi ò ní ju ìwé mẹ́wàá lọ. Mo pè é, mo jẹ́wọ́. 

"Ìyá ọmọ, ẹ̀kọ lo rò fún mi?"

"Ẹ̀kọ ni, mà."

Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ le. Ó ní òun ti bú ẹni tó ta ìyẹ̀fun, a sì jọ máa lọ bẹ̀ ẹ́ ni. Ó ní kí n tètè dé lọ́jọ́ Ajé, kí n wá pò ó lójú òun.

Ọmọ mi ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó bi mí bóyá wọ́n lé mi. Mo fà á mọ́ra.

"Wọn ò lé mi. Mo ba nǹkan jẹ́, mo sì sọ fún wọn. Tí ìwọ náà bá ba nǹkan jẹ́, wá sọ fún mi. Màá kọ́kọ́ bínú, mi ò ní purọ́ fún ọ. Tí mo bá bínú tán, a óò jọ tún un ṣe."