Èkùrọ́, Agogo Ìdáná àti Èdè Jàpáànì Tí Mò Ń Kọ́ Lọ́jọ́ Ogbó

Nígbà tí orí mi kò tíì ga ju ẹnu ìkòkò omi ìyá ìyá mi lọ, ní Òkèrèwè, iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe jù ni kí wọ́n rán mi. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí. Kò sí fóònù, ọmọdé ni fóònù. Bí wọ́n bá ti ní, "Ìwọ, wá ńbí," o ti di èrò Ìrẹ́mọ, àdúgbò kejì, nìyẹn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àgbàlagbà lágbárí, tí o kò gbọdọ̀ fi kún, tí o kò gbọdọ̀ yọ níbẹ̀.

Wúràọlá lorúkọ ìyá ìyá mi. Wọn kò mọ ìwé rárá. Àdín ni wọ́n ń ṣe tà. Òórùn èéfín àti èkùrọ́ yíyan ló gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé wa, ó sì máa ń bá aṣọ mi lọ sílé-ìwé, débi pé Tíṣà Fálọlá ní òun ti máa ń mọ̀ pé mo ń bọ̀ kí n tó yọ sí kíláàsì.

Ìyá àgbà kò fọkàn tán agbárí ọmọdé. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé iye ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá rán mi, iye èkùrọ́ tí wọ́n á kó sí mi lọ́wọ́ nìyẹn. Tí mo bá débẹ̀, màá kúnlẹ̀, màá sọ ọ̀rọ̀ kan, màá gbé èkùrọ́ kan kalẹ̀. Bí ọwọ́ mi bá ti ṣófo, iṣẹ́ parí. Eré ni mo kà á sí. Màá máa jù wọ́n sókè bí mo ṣe ń lọ, màá máa hán wọn, màá máa bá wọn jà bí ẹní ń bá ọmọ jà.

Lọ́jọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n rán mi sí àbúrò wọn, Ìyá Túndùn, ní Ìrẹ́mọ. Èkùrọ́ mẹ́ta. Lọ́nà, mo bá àwọn ọ̀rẹ́ mi, Rábíù àti Jọláadé, níwájú ilé Bàbá Tẹ́lọ̀ tí wọ́n ń ta òkòtó. Mo ní kí n ta ẹyọ kan péré. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ebi dé, ojú mi wà lára òkòtó, ọwọ́ mi ń lọ sẹ́nu. Àfi bí mo ṣe gbọ́ kẹ̀ù lẹ́yìn eyín mi. Adùn rẹ̀ kò jẹ́ kí n ronú. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Ìyá Túndùn, èkùrọ́ méjì ló kù, ọ̀rọ̀ méjì náà ni mo sọ. Wọ́n ní, "Ó tán?" Mo ní, "Ó tán, mà."

Ẹ̀kẹta yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀. Pé àwọn àna Mojísọ́lá, ọmọ Ìyá Túndùn, ń bọ̀ wá tọrọ rẹ̀ lọ́jọ́bọ̀, pé kí wọ́n má lọ sóko Ẹdúnàbọ̀n. Wọ́n lọ. Àgbàlagbà mẹ́jọ jókòó síwájú ilé tí wọ́n tì pa, láti àárọ̀ títí oòrùn fi dé àtàrí, ewúrẹ́ àdúgbò sì jẹ nínú iṣu tí wọ́n gbé wá.

Ìyá àgbà pè mí. "Ọ̀rọ̀ mi kẹta dà?"

Mo ní, "Mo ti jẹ ẹ́, mà."

Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá mú pàṣán. Ní ọjọ́ kejì wọ́n fà mí lọ́wọ́ kiri ilé àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, mo ń kúnlẹ̀, mo ń bẹ̀bẹ̀, mo sì gbọ́dọ̀ fi orúkọ kálukú bẹ̀ ẹ́: Bàbá Làmídì, Ìyá Àbẹ̀ní, Bàbá Fọlọ́runṣọ́ tó yarọ, Ìyá Sàbáínà tó fún mi ní àádùn. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ èèyàn kì í ti í bọ́ lórí mi. Mojísọ́lá rílé ọkọ lọ náà, ṣùgbọ́n Ajẹ̀kùrọ́ ni wọ́n ń pè mí títí mo fi gúnyán fún ọkọ tèmi. Ìyá àgbà a sì máa sọ pé ọ̀rọ̀ tí kò bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n rán an sí, ojú ọ̀nà ló kú sí.

Ìwé kẹrin ni mo kà dé kí wọ́n tó ní kí n wá máa fọ́ èkùrọ́. Ibi tí ìwé mi mọ nìyẹn. Agbárí yìí kan náà ni mo wá ń fi kọ́ èdè Jàpáànì.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi ọkùnrin ló lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó fẹ́ Yúkò, wọ́n sì bí Fọláṣadé, tó pé ọmọ ọdún méje báyìí. Nígbà tí ọmọ mi wá sílé kẹ́yìn, ó kó oríṣiríṣi nǹkan ìrọ̀rùn bọ̀. Ọ̀bẹ kékeré kan wà tó ń bó èèpo ọ̀dùnkún bí ẹní ń bọ́ aṣọ. Agogo ìdáná kan wà tó rí bí ẹyin. O máa yí i, ó máa ka ìṣẹ́jú fún ọ, ó máa pariwo tó bá tó. Igi ìjẹun ọmọdé wà, igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n fi ń mú oúnjẹ dípò ṣíbí, tó ní òrùka tí wọ́n ń ki ìka bọ̀ kí ó má baà yọ̀. Ó tún gbé ẹ̀kọ́ èdè kan sínú fóònù mi, tó ń fi àwòrán hàn. Bí o bá gbà á, ó máa dún bí aago. Bí o bá ṣì í, ó máa gbọ̀n. Ó ní, "Màmá, ẹ máa fi ṣeré." Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ọmọ mi ló ń ṣe ògbufọ̀ láàárín èmi àti Fọláṣadé. Fọláṣadé á sọ tirẹ̀, bàbá rẹ̀ á yí i sí Yorùbá. Màá sọ tèmi, á yí i padà. Ó mọ̀ ọ́n ṣe débi pé mi ò mọ̀ pé èmi àti ọmọ yẹn kò tíì bá ara wa sọ̀rọ̀ rí.

Ọmọkùnrin mi wá kú. Oṣù kẹjọ rèé.

Yúkò ń pè lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Á tẹrí ba, ọmọ á kí mi, mo máa pe oríkì rẹ̀, lẹ́yìn náà a ó máa wo ara wa. Ogún ìṣẹ́jú di márùn-ún. Ìgbà tó yá, Ìsinmi méjì kọjá láìsí ìpè. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo mọ bí okùn ṣe ń já: kì í ké, ṣe ló máa ń fẹ́lẹ́, fẹ́lẹ́, fẹ́lẹ́. Tí mi ò bá rí nǹkan sọ fún ọmọ yẹn, mo máa pàdánù òun náà.

Ni mo bá ṣí àpótí. Láti ìgbà yẹn, mi ò lè jókòó. Abọ́ tí mo ti fọ̀ ni mò ń tún fọ̀. Mo máa yí agogo ẹlẹ́yin sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ó tó pariwo, mo gbọ́dọ̀ ti ṣa ẹ̀wà tán, kí n sì ti sọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá. Mo ka èkùrọ́ mẹ́wàá sínú abọ́. Èyí tí mo bá sọ tó dún bí aago, mo máa gbé èkùrọ́ kan sínú abọ́ kejì. Mo gé ìwé, mo fi ẹ̀kọ tútù lẹ̀ ẹ́ káàkiri ilé: mísù lára dúrọ́ọ̀mù omi, ṣíò lára iyọ̀, dóà lára ilẹ̀kùn, tamágò níbi tí a ń kó ẹyin sí. Ní ti igi ìjẹun, ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni mo fi ń lé ẹ̀wà kiri àwo kí ẹyọ kan tó dé ẹnu mi. Mo pariwo nígbà tó dé e. Ìyá Ráṣídà, alábàágbé mi, sáré wọlé.

"Màmá, kí ló dé?"

"Mo jẹ ẹ̀wà kan."

"Ẹyọ kan? Ẹ gbà mí o! Ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ jápa ni?"

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ìkíni pọ̀ lẹ́nu wọn bíi tiwa. Wọ́n ń kí ẹni tó ń jáde, wọ́n ń kí ẹni tó wọlé, wọ́n ń kí ẹni tó ṣiṣẹ́, wọn ò ní fọwọ́ kan oúnjẹ láìkí i. Mo ní, áà, ará ilé wa ni wọ̀nyí. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi kó gbogbo ìyẹn sẹ́nu.

Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, ìpè wọlé. Mo kí wọn. Ojú Fọláṣadé là. Mo bi í ní èdè rẹ̀ bóyá ó ti jẹun. Ó ní, "Ùn," bẹ́ẹ̀ ni nìyẹn. Mo bi í bóyá ó lọ sílé-ìwé. "Ùn." Ìyókù bá fò lọ lórí mi. A tún ń wo ara wa. Mo rí ọwọ́ Yúkò tó ń bọ̀ wá pa fóònù. Mo mọ ọwọ́ yẹn.

Ẹ mọ àṣà wa. Bí ọmọ bá kú ṣáájú òbí, wọn kì í jẹ́ kí òbí dárúkọ rẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ kìíní ni àwọn ẹbí ti yọ àwòrán ọmọ mi kúrò lára ògiri. "Ẹ má pè é mọ́, Màmá, ẹ jẹ́ ó lọ." Èmi tí mo rántí orúkọ gbogbo ayé! Mo rò pé bákan náà ni ní Jàpáànì, nítorí Yúkò kò pè é rí létí mi. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn ń bọ̀, ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló kọ́kọ́ bọ́ síta.

"Otóòsán. Olúṣọlá. Hánáṣì, ṣìté." Bàbá rẹ. Olúṣọlá. Sọ ìtàn rẹ̀ fún mi.

Yúkò fọwọ́ bo ẹnu. Mo ní mo ti bà á jẹ́. Ọmọ náà wò mí, ó wo ìyá rẹ̀, ó tún wò mí. Ó wá fi ohùn tín-ín-rín sọ nǹkan kan, mo gbọ́ "otóòsán," mo gbọ́ "tamágò." Ó dìde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di páànù kan tí kò sí níbẹ̀ mú, ó ju ẹyin sókè, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. Ẹyin ti já bọ́. Ó ṣe bí bàbá rẹ̀ ṣe ṣe lẹ́yìn náà, ó sọ ọ́ kíákíá, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Láti ibẹ̀, kò dákẹ́ mọ́. Nínú ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, bóyá méjì ni mo gbọ́. Ìyá rẹ̀ ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí mo bá ti ní "ùn," á tún tẹ̀ síwájú, títí iná fi tán nínú fóònù mi.

Láyé ìgbà tiwa, ọ̀rọ̀ àgbà ni ọmọdé ń gbé kiri. Kò sẹ́ni tó ń béèrè tirẹ̀. Ọdún tí Sàráátù alákàrà, ìyá Rábíù, kú, wọ́n ní kí Rábíù máa lọ ṣeré. Ó wá bá wa ta òkòtó, kò sọ nǹkan kan, àwa náà ò bi í. Wọ́n ní ó gbójú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ronú pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnì kan tó máa bi í ni kò rí.

Nísinsìnyí ọmọ ọdún méje ń sọ̀rọ̀, ìyá arúgbó ń gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi kọ́ ọ̀rọ̀ tí màá sọ lọ́sẹ̀ yìí. Èyí tí màá fi gbọ́ ni mò ń wá kiri, mò ń dìde, mò ń jókòó. Ọmọ mi ṣe nǹkan kan lẹ́yìn tí ẹyin já bọ́, nǹkan náà pani lẹ́rìn-ín, mi ò sì mọ̀ ọ́n. Fọláṣadé mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ Ìsinmi ku ọjọ́ mẹ́rin.