Bí Ìyá Mi Ṣe Ń Ṣe Pupuru

Kékeré ni mí ní Ajue nígbà tí mo kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú èéfín. Pupuru, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń mọ róbótó tí wọ́n sì ń yan lórí èéfín, ni ìyá mi ń ṣe. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ dàgbà lápá Odigbo kò ní ṣàì rántí òórùn ẹ̀gẹ́ tá a rẹ sómi, àti bí èéfín ṣe ń ta wá lójú tá a bá ń yí pupuru lórí pẹpẹ. Tó o bá jẹ́ kó jóná, ìgbátí ló máa kọ́kọ́ bá ọ sọ̀rọ̀.

Níléèwé, Tíṣà ń kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ àpọ́nlé, àwọn ọ̀rọ̀ bíi slowly tó ń sọ bá a ṣe ṣe nǹkan. Tó o bá ti pè é, o gbọ́dọ̀ ṣe é lójú gbogbo kíláàsì. Ẹni tó bá ṣì í, á lọ tu koríko. Mo tu koríko títí ó fi sú mi, ni mo bá gbé ẹ̀kọ́ náà délé. Bí mo ṣe ń fọ ẹ̀gẹ́ ni mò ń pe thoroughly, ìyẹn fínnífínní. Ìyá mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ á ní, “Ṣé bó o ṣe ń ṣe é yẹn náà lò ń pè yẹn? Tún un fọ̀.”

Kì í ṣe eré o. Bàbá mi ti ní tí mo bá yege ìdánwò iléèwé girama ní Ore, màá lọ. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìdí iná ni màá wà. Ìyá mi kò fẹ́ kí n lọ rárá. Ta ló máa bá òun yí pupuru?

Lọ́jọ́ ìdánwò, obìnrin kan lára àwọn tó ń dán wa wò ní kí n fi Gẹ̀ẹ́sì sọ iṣẹ́ ìyá mi. Ẹ̀rù kò bà mí. Mo ní ó ń fọ ẹ̀gẹ́ thoroughly, ó ń mọ ọ́n firmly, ó ń yí i patiently. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ọwọ́ mi ń ṣe é. Mo yege.

Ìyá mi kò yọ̀. Ó kàn bi mí pé, “Kí lo sọ fún wọn nípa mi?” Mo tú gbogbo rẹ̀ sí Yorùbá fún un, pé ó ń fọ ẹ̀gẹ́ fínnífínní, ó ń mọ ọ́n ṣinṣin, ó sì ń yí i pẹ̀lú sùúrù. Ó ń nu ojú, ó ní èéfín ni, bẹ́ẹ̀ iná ti kú láti àárọ̀. Ó ní, “Ṣé bó o ṣe ń wò mí tó nìyẹn? Lọ palẹ̀ ẹrù ẹ mọ́.”

Lóde òní, fóònù ló ń kọ́ àwọn ọmọ mi ní ọ̀rọ̀ àpọ́nlé. Wọ́n yára jù wá lọ, mi ò ní parọ́. Lọ́jọ́sí, mo ní kí àbíkẹ́yìn mi fi ọ̀kan sọ bí èmi náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó ronú títí, ó ní, “Màámi, mi ò tíì rí yín níbi tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́ rí.”

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo mú un dání lọ síbi iṣẹ́.