Ẹ̀rí Tí Ọláolúwa Jẹ́ Lórí Díìsìkì

Ọláolúwa tó gba yàrá lọ́wọ́ mi ní Òkèrèwè, ọmọ dáadáa ni, bí ẹ bá yọ ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ kúrò níbẹ̀. Lọ́dún 1996 tó wà ní ọdún àṣekágbá ní yunifásítì, tíṣà rẹ̀ ní kó tún ètò tó ń darí díìsìkì ṣe, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan pamọ́ sí. Bí iṣẹ́ méjì bá fẹ́ kọ nǹkan síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan á kọ lé èkejì lórí. Bí kò bá rí i tún ṣe, á tún ọdún náà kà.

"Màmá, ẹ wo balùwẹ̀ wa," ló wí fún mi. "Ẹnì kan yọjú, ó rí i pé ó ṣófo, ó lọ gbé garawa. Kó tó dé, ẹlòmíràn náà ti yọjú. Àwọn méjèèjì á pàdé níhòòhò."

"Ìwọ náà mọ ibi tí balùwẹ̀ wà?"

Ó kọ ọ̀rọ̀ sínú ètò náà káàkiri, kí ètò náà lè máa ròyìn gbogbo ohun tó ń ṣe fún un. Ni àṣìṣe bá pòórá! Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ti wà níwájú ìjọ, ó ń jó, ó ní Ọlọ́run ti lé èṣù kúrò nínú díìsìkì. Pásítọ̀ ní ká ké halelúyà. Èmi náà ké e, ta ni mí?

Lọ́jọ́ Ajé, ó yọ àwọn ọ̀rọ̀ ìròyìn yẹn kí iṣẹ́ rẹ̀ lè mọ́. Àṣìṣe padà dé. Ìròyìn yẹn ló ń fa iṣẹ́ kan sẹ́yìn tí òun àti èkejì kò fi pàdé; kò wo nǹkan kan sàn.

"Ṣé kí n lọ bá Pásítọ̀, ká gba halelúyà wa padà?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dójú tì mí."

Ó jókòó tì í títí ó fi rí ìdí rẹ̀. Ó ti fi àgádágodo sínú ètò náà tẹ́lẹ̀, ìyẹn àṣẹ tó ń dá iṣẹ́ kan dúró títí èkejì á fi parí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kọ́kọ́ yọjú wò bóyá ibẹ̀ ṣófo, kó tó tilẹ̀kùn. Ó yí i padà: kó tilẹ̀kùn ná, kó tó yọjú.

Dókítà Fọláyọ̀, tíṣà rẹ̀, wá wo iṣẹ́ náà nílé wa, nítorí kọ̀ǹpútà náà kò ṣeé gbé. Ó ní kí iṣẹ́ méjì máa kọ nǹkan pọ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kan sí i, títí mínírà tí mo gbé fún un fi gbóná lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ohun tó sọnù.

"O ti yege," obìnrin náà wí.

Mo ní, "Ọláolúwa, ó yá, jó!"

Kò mira. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára kọ̀ǹpútà. "Màmá, ẹ jẹ́ kó di ọ̀la ná."